Festac tàbí ẹ́sítéètì Sangotedo: níbo lèèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn ṣe gbogbo nǹkan?

ÌyáMéjì

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbà ti di àríyànjiyàn nílé wa, ẹ bá wa dá sí i. Ilé méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ yàrá mẹ́ta ní òkè àkọ́kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú Close kan nítòsí 2nd Avenue, Festac. Ìkejì jẹ́ ilé tuntun nínú ẹ́sítéètì ní Sangotedo, íńtálọ́ọ̀kì láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ sì wà tọ̀sán-tòru. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mọ́tò kan la ní, ọkọ mi ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Marina. Ọmọ méjì ni, ọdún mẹ́fà àti mẹ́sàn-án. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá bá wa gbé, orúnkún sì ń dùn wọ́n.

Àwọn ará Festac ní àwọn ò nílò mọ́tò fún ohunkóhun láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Ọkọ mi ní ariwo jẹnẹrétọ̀ àti òórùn gọ́tà ni wọ́n ń pè ní ìgbádùn. Ta ni ká gbà gbọ́?

* * *

Ará21Road

Ẹ gba tọ̀tún-tòsì gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ kẹ́ ẹ lè wọ sálúbàtà jáde lọ ra búrẹ́dì, òun náà ló ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ ò lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Bí ilé yín ṣe jìnnà sí i tó ló kù tẹ́ ẹ lè yàn.

Fún ẹni tí kò mọ Festac: ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ láti fi gba àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀dúdú tó wáyé ní January sí February 1977, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìbò pín ilé fáwọn aráàlú. Torí pé wọ́n ya àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ ni ọ̀nà rẹ̀ fi ní ètò. Avenue ló tóbi jù, Road yà kúrò lára Avenue, Close yà kúrò lára Road. 21 Road àti 22 Road wà lọ́wọ́ 2nd Avenue. 512 Road wà lọ́wọ́ 5th Avenue. Lẹ́tà ni Close ń jẹ́: A Close, B Close, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Close ò já síbì kankan, ìdí nìyẹn tí mọ́tò tí kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ kì í fi í gba ibẹ̀ kọjá, táwọn ọmọdé sì ń ráyè gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ sínú ìwé: ilé ìwé, ọjà ata, ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, kẹ́míìsì, oní-POS, ibi gáàsì, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ibi tẹ́ ẹ ti máa wọ kẹ̀kẹ́. Ẹ wá fẹsẹ̀ rìn ín láti ẹnu ọ̀nà ilé náà gan-an, kì í ṣe láti ẹnu Road tí éjẹ́ǹtì bá páàkì sí. Àgbàlagbà tára rẹ̀ le ń rin nǹkan bíi mítà 80 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 800 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó gbé báàgì sẹ́yìn, ẹ ka 50 sí i lọ́rùn. Màmá, ẹ ka 40, kẹ́ ẹ sì fi ibi tí wọ́n á ti jókòó sinmi kún un. Ibi tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún yín, ìṣẹ́jú ogún gbáko ni fún wọn.

* * *

AjahLèmi

Festac ayé ìgbà tó ṣì wà ní tuntun lẹ ń tà fún un. Ẹ wo ojú Avenue báyìí: mọ́tò lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tábìlì oní-POS lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ń sun àgbàdo náà lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ wá bọ́ sójú títì pẹ̀lú dáńfó. Nínú ẹ́sítéètì wa, íńtálọ́ọ̀kì mọ́ tónítóní, mọ́tò ò gbọdọ̀ sáré, bọ́m̀pù wà ní gbogbo ìkóríta. Láago mẹ́fà àárọ̀ ẹ máa rí tọkọtaya tó ń rìn kiri láìfòyà. Bí ìrìn bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ibo ló dáa ju ibẹ̀ lọ?

* * *

Nọ́ọ̀sìAguda

AjahLèmi, ìrìn eré ìdárayá lẹ ń sọ. Ìyẹn dára, ara nílò rẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ yàtọ̀: bí iyọ̀ bá tán nígbà tí ọbẹ̀ ń hó, ta ló máa lọ rà á, báwo ló sì ṣe máa lọ?

Nínú ẹ́sítéètì tí wọ́n mọ odi yí ká, géètì kan ló sábà máa ń wà, bó bá pọ̀ jù méjì. Ilé tó wà lẹ́yìn pátápátá lè jìnnà sí géètì náà tó kìlómítà kan. Láti géètì dé Lekki–Epe Expressway tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà wọlé, torí náà ẹni tí kò ní mọ́tò (ọmọ ọ̀dọ̀, olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọmọ yín nílé, ìyá tó ń bá yín fọṣọ) ló ń fẹsẹ̀ rin gbogbo ìyẹn nínú oòrùn. Àwọn nìkan ni íńtálọ́ọ̀kì náà wà fún, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Onílé ń kọjá lára wọn nínú mọ́tò.

Ẹ tún rántí pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 29 May 2023, mọ́tò tí wọ́n ń gbé jáde torí búrẹ́dì nìkan kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́.

* * *

AjahLèmi

Mo gbà lórí iyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́sítéètì mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù nínú. Kí arábìnrin náà béèrè.

* * *

Nọ́ọ̀sìAguda

Kó béèrè lóòótọ́, kó sì wọlé wo ohun tó wà lórí àtẹ. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí kò ní alábàádíje, iye tó bá wù ú ló máa tà á, ata tútù kì í sì í sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá àgbà, torí àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ̀yin ń wo ọ̀nà, ẹ ò wo àtẹ̀gùn. Òkè àkọ́kọ́ lẹ pe ilé Festac yẹn. Fún orúnkún tó ń dùn, sísọ̀kalẹ̀ ló nira ju gígòkè lọ, torí gbogbo ìwúwo ara ló ń bọ́ lé orúnkún tó tẹ̀. Ẹ lọ wo nǹkan mẹ́ta lára àtẹ̀gùn náà. Àkọ́kọ́, gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bó bá ti ju ínṣì 7 lọ, wàhálà ni, bí gíga wọn ò bá sì dọ́gba, ewu ni. Ìkejì, irin ìdìmú: ó gbọ́dọ̀ wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìgé láàárín. Ìkẹta, gílóòbù. Ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn ilé àjùmọ̀gbé ni kò ní iná, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí mítà òun máa san owó rẹ̀. Ẹ fi gílóòbù tó ń gba iná sínú síbẹ̀.

Bí wọ́n bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ni kó kọ́kọ́ gun ìgbésẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó ṣáájú. Ọ̀pá ìtilẹ̀ sì ń wà ní ọwọ́ òdìkejì sí orúnkún tó ń dùn; ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mú un sí ọwọ́ tí orúnkún ti ń dùn wọ́n, èyí ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá rí ilé ìsàlẹ̀ nínú Close kan náà, àní kó fi nǹkan díẹ̀ wọ́n ju èyí lọ, ẹ gbà á.

* * *

Kọ́ńkéréLóMọ̀

Ilé ìsàlẹ̀ kẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi òjò ń dé kẹ́ ẹ tó gba ilé ìsàlẹ̀ ní Festac. Ẹ wo ara fẹ́ńsì, ẹ wo ẹsẹ̀ géètì. Omi máa ń fi ìlà pupa tàbí dúdú sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, ẹ wo ti ilé ẹnì kejì. Kì í ṣe gbogbo onílé ló ń kunlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì wò ó bóyá wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà ní ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ìyẹn fún ọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ sílábù orí gọ́tà ni mo fẹ́ bá wí, torí òun ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gan-an nínú ọ̀pọ̀ Close. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé onílé á da kọ́ńkéré bo gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ pátápátá, gígùn rẹ̀ á tó ẹsẹ̀ bàtà 15 láìní ojú kankan. Ó dára lójú lọ́dún àkọ́kọ́. Yanrìn á wá kún abẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣí i, omi á gba ojú ọ̀nà, gbogbo Close á máa fò láti orí búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì.

Èyí tó dáa nìyí. Bí gọ́tà bá fẹ̀ ní ínṣì 18, ẹ da sílábù ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ẹsẹ̀ bàtà 2. Ínṣì 3 á jókòó lórí ògiri gọ́tà lápá kan, ínṣì 3 lápá kejì. Kó nípọn tó ínṣì 4. Irin 12 mm ni kẹ́ ẹ fi sí i, ínṣì mẹ́fà-mẹ́fà síra wọn, lóròó àti níbùú. Irin náà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kó ku ínṣì kan péré kó kan pákó, torí ìsàlẹ̀ ni sílábù ti ń ya bí ẹrù bá gun orí rẹ̀. Bíríkìlà tó bá jù ú sí àárín ti fi owó irin yín ṣòfò. Pò ó ní pánù sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Omi kó má pọ̀ jù. Ẹ bomi rin ín fún ọjọ́ 7 kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan á wúwo tó nǹkan bíi kílò 90, ọkùnrin méjì á gbé e láìsí wàhálà.

Ẹ má fi irin títẹ̀ sójú rẹ̀ pé ẹ fẹ́ máa fi gbé e. Òun ló ń gbé ọmọdé ṣubú lóru. Ẹ fi páìpù ínṣì kan dá ihò méjì sí i kó tó gan. Ìkọ́ ni wọ́n á fi wọ inú ihò náà gbé e, omi ojú ọ̀nà á sì máa gba ibẹ̀ wọ gọ́tà.

Ó tún ku ráńpù ẹnu géètì. Onílé kọ̀ọ̀kan ń gbé tirẹ̀ ga bó ṣe wù ú, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wá ń lọ sókè sódò bí ìgbì. Bí ráńpù bá ga ní ínṣì 6, ẹsẹ̀ bàtà 6 ló yẹ kó fi gùn kí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tàbí ìyá àgbà tó lè gùn ún. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni ẹsẹ̀ bàtà 2.

* * *

Ará21Road

Ẹ ṣeun, Kọ́ńkéré. Mo fẹ́ tako AjahLèmi díẹ̀ lórí àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé kí káńsù kó gbogbo wọn kúrò. Bí wọ́n bá kó wọn, ojú ọ̀nà á mọ́, á sì dá páropáro láago mẹ́jọ alẹ́. Iná tó wà lórí tábìlì oní-súyà àti ojú ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ló ń jẹ́ kí obìnrin tó sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lálẹ́ lè rin apá tó kù dé ilé. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ àdúgbò fi lélẹ̀ ni ààyè: ẹsẹ̀ bàtà 5 tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ẹni méjì lè kọjá lára wọn láìsọ̀kalẹ̀ sí títì. Kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà síbẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ìlà, kí wọ́n tì í padà. Mọ́tò tó páàkì lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi jù, torí kò sẹ́ni tó lè ní kó sún díẹ̀.

* * *

BàbáPúlọ́ńbà

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ti òórùn tí ọkọ rẹ̀ ń sọ. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

Nígbà tí wọ́n kọ́ Festac, ìgbọ̀nsẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan ò ní sọ́kàwéè tirẹ̀. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ kan ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di mímọ́. Ètò yẹn ti dẹnu kọlẹ̀ tipẹ́. Àwọn ilé kan ti gbẹ́ sọ́kàwéè ti ara wọn, àwọn mìíràn ṣì so mọ́ páìpù àtijọ́, níbi tó bá sì ti dí, omi ìdọ̀tí á tú sójú Close. Torí náà, ìbéèrè fún onílé: ibo ni ìgbọ̀nsẹ̀ ilé yìí ń lọ? Bó bá ní sọ́kàwéè ni, kó fi ideri rẹ̀ hàn yín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kà á sí pé páìpù àtijọ́ ló ń lò. Ẹ rìn yí Close ká ní ọjọ́ tí òjò ò rọ̀. Ibi tó bá tutù nígbà ọ̀dá, tí koríko ibẹ̀ tún tutù yọ̀yọ̀ ju tibòmíràn lọ, omi mímọ́ kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ideri mánúhóòlù tó ti sọnù pẹ̀lú. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń jìn sínú wọn, mọ́tò kì í jìn sí i.

Omi kànga ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ fa omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ má bò ó, kẹ́ ẹ padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Omi tó ní irin nínú máa ń mọ́ gaara nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i tán ló ń pọ́n bí ìpẹtà. Bó bá ti pọ́n, ẹ ó máa ra omi mímu nìyẹn. Gálọ́ọ̀nù díspẹ́ńsà kan wúwo tó kílò 19, ẹ kà á mọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn gbé.

* * *

ỌmọBódìjà

Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé Èkó nìkan ni wọ́n ti ya àwòrán àdúgbò. Bodija tiwa n'Ibadan ti wà láti nǹkan bíi ọdún 1959, iléeṣẹ́ ìkọ́lé ti Ìwọ̀ Oòrùn ló dá a sílẹ̀. Igi wà, ọ̀nà dákẹ́, òórùn ò sí.

Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́ fún yín: Bodija ò rọrùn fún ẹlẹ́sẹ̀ tó Festac. Ilẹ̀ tí wọ́n pín fún ilé kọ̀ọ̀kan fẹ̀, ilé kan àti ọgbà rẹ̀, bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ̀ báyẹn, ilé mẹ́wàá á gba ọ̀nà tí ilé ọgbọ̀n ń gbà ní Festac. Oníbàárà tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù á kéré, ṣọ́ọ̀bù náà á kó lọ sí Awolowo Avenue tàbí ẹ̀bá ọjà. Òkè àti ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tún wà níbẹ̀. Èèyàn ń rìn ní Bodija o, àmọ́ ó máa ń làágùn.

Lórí igi, ẹ béèrè lọ́wọ́ wa. Igi fúrúùtù (èyí tí wọ́n ń pè ní almond) ló ń ṣíji bo ọ̀nà jù, ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ́ bí agboorùn. Wàhálà rẹ̀ ni ewé: ó fẹ̀, ó ń já lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ń dí ẹnu gọ́tà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Dóńgóyárò, ewé rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ á wá fẹ́ńsì yín kàn bẹ́ ẹ bá gbìn ín sún mọ́ ọn jù. Ẹ gbìn ín jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí ògiri. Ojú ọ̀nà tí kò ní igi, láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán, kò sẹ́ni tó máa rìn ín, ẹ̀báà jẹ́ góòlù ni wọ́n fi tẹ́ ẹ.

* * *

MarylandLóWà

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fífẹ̀ yẹn gan-an ló ń bá wa jà níbí. Ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ẹ lè ra ilé ńlá ní Bowie kẹ́ ẹ má rí ibi kankan fẹsẹ̀ lọ. Ẹ wá wo Greenbelt, ìlú kékeré tí ìjọba Ààrẹ Roosevelt kọ́, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ̀ ní 1937. Ilé tó so mọ́ra wọn ni wọ́n kọ́. Ojú ilé kan kọ sí ọ̀nà mọ́tò, ìkejì kọ sí ọgbà tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọ̀nyẹn ń gba abẹ́ títì Crescent Road kọjá lọ sí àárín ìlú, níbi tí ọjà alájẹṣẹ́kù àti sinimá wà. Ọmọdé lè ti ilé dé ibẹ̀ láìdá títì kọjá.

Kò pé o. Àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n gbà síbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ilé ibẹ̀ kéré. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ni ọ̀pọ̀ àwọn ilé yẹn, torí náà ẹ̀tọ́ láti gbé inú rẹ̀ lẹ ń rà, owó oṣooṣù sì wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó yí nǹkan padà lára ilé. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Washington jìnnà sí ìlú àtijọ́ náà, òpópónà Beltway sì gé wọn níyà, nítorí náà bọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò ni ọ̀pọ̀ fi ń débẹ̀. Ẹ lè rìn káàkiri àdúgbò yín kẹ́ ẹ má lè rìn jáde kúrò níbẹ̀.

* * *

ÌyáMéjì

Ẹ ṣé gan-an. Ìjáde yẹn ló kù. Marina ni mo ń lọ. Éjẹ́ǹtì ní ọkọ̀ ojú irin máa dúró ní Festac, torí náà ni owó ilé ṣe lọ sókè.

* * *

Ará21Road

Ẹ má san owó ibùdó tí kò tíì ṣí. Ohun tó wà nìyí: ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 4 September 2023, láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún. Apá kejì tó ń lọ sí Okokomaiko ni ibùdó Festac wà nínú rẹ̀. Títí wọ́n á fi ṣí i, ẹ kà á pé kẹ̀kẹ́ tàbí dáńfó lẹ máa wọ̀ láti Festac dé Mile 2, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Síbẹ̀ náà, Sangotedo sí Marina tó nǹkan bíi kìlómítà 30 lórí Lekki–Epe, kò sì sí irin níbẹ̀.

Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ náà. Ẹ rà á, kẹ́ ẹ sì kó owó sí i lọ́jọ́ tẹ́ ò kánjú. Ìlà ibi tí wọ́n ti ń fi owó kún un láàárọ̀ Mọ́ńdè kì í ṣe kékeré. Ẹ wádìí àkókò ọkọ̀ tó kẹ́yìn lálẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ ti padà sọ́wọ́ dáńfó nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá ń dá Badagry Expressway kọjá, ẹ gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Lórí Avenue, bó tilẹ̀ jẹ́ apá kan ni mọ́tò ti yẹ kó máa bọ̀, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti wo ọ̀tún àti òsì nígbà gbogbo. Ọ̀kadà tó ń gba wan-wéè kì í fọn fèrè.

* * *

Nọ́ọ̀sìAguda

Ṣé ilé ìwé àwọn ọmọ wà lápá ibi tí Close yín wà, àbí wọ́n máa dá Avenue kọjá? Ìyẹn ló máa sọ bóyá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè mú àbúrò rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá máa dá Avenue kọjá, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ sìn wọ́n. Bí kò bá sí Avenue láàárín, ẹ sìn wọ́n fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ilé méjì tàbí mẹ́ta hàn wọ́n lójú ọ̀nà tí wọ́n lè kanlẹ̀kùn rẹ̀.

* * *

Kọ́ńkéréLóMọ̀

Ẹ béèrè ti géètì Close náà. Aago mélòó ni wọ́n ń tì í? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ṣé géètì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, àbí èèyàn ní láti jí ẹ̀ṣọ́? Ẹni tó fẹ́ bọ́ síta láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí kò gbọdọ̀ máa bẹ ẹ̀ṣọ́ lójoojúmọ́.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú ńkọ́? Nígbà kan, àlàfo wà láàárín àwọn ilé kan tí èèyàn lè gbà láti Close kan bọ́ sí Road kejì. Onílé kan á sún fẹ́ńsì síwájú, ẹlòmíràn á kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, àlàfo á pa dé. Ibi tó jẹ́ mítà 100 á wá di 700, torí ẹ gbọ́dọ̀ jáde sí Avenue kẹ́ ẹ tó tún wọlé. Máàpù orí fóònù lè ṣì máa fi ọ̀nà náà hàn. Ẹ fi ojú ara yín rí i.

* * *

AjahLèmi

Ó dáa, mo ti gbọ́ gbogbo yín. Kò sẹ́ni tó dáhùn ti jẹnẹrétọ̀ o.

* * *

Ará21Road

Ìdáhùn wà. Ẹ lọ sílé náà láago mẹ́jọ alẹ́ Fúráìdè, nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ. Ẹ dúró sínú yàrá tí àwọn ọmọ máa sùn, ẹ ti fèrèsé. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara yín láìgbé ohùn sókè, ẹ lè gbé ibẹ̀. Ilé tó wà ní ìdí Close máa ń dákẹ́ ju èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú méjì péré ló sì fi jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù jù ú lọ. Ìdí Close ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ tún wo ara ògiri ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù tó so mọ́ ọn bóyá wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì X sí i. FHA, iléeṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba àpapọ̀, ló ni ìwé ilẹ̀ Festac, wọn ò sì gbà kí onílé kàn sọ yàrá ìsàlẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù láìgba àṣẹ. Bí àmì bá wà, ẹ béèrè ohun tó fà á kẹ́ ẹ tó sanwó ọdún kan sílẹ̀.

* * *

ÌyáMéjì

Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ní ká lọ ní Fúráìdè. Ó tún ní kí n béèrè: ẹrù ńkọ́? Àpò ìrẹsì àti gáàsì, ṣé orí la máa fi rù ú?

* * *

BàbáPúlọ́ńbà

Rárá o. Sílíńdà kílò 12.5, bí gáàsì bá kún inú rẹ̀, ó lé ní kílò 25. Ẹ má gbé e rìn, ẹ má sì gbé e gun òkè pẹ̀lú orúnkún. Ẹ ra kékeré kílò 6 méjì. Ọ̀kan á wà lórí iná, ìkejì á máa lọ gba gáàsì, ọwọ́ kan á gbé e. Ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ lọ sí ọjà ńlá, ẹ ra ní àpò, kẹ́ ẹ fi kẹ̀kẹ́ gbé e wálé. Ríra ní kóńgò-kóńgò lẹ́nu Close máa ń wọ́n jù tẹ́ ẹ bá kà á dé òpin oṣù. Àwọn tó ń yin ìrìn ẹsẹ̀ kì í sọ apá yẹn. Ata, tòmátì, ẹ̀fọ́, búrẹ́dì ni kẹ́ ẹ máa rà ní ẹsẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá pe kẹ̀kẹ́ lọ́jà, ẹ sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé drop lẹ fẹ́, pé inú Close ló máa dé, kì í ṣe ẹnu Road, kẹ́ ẹ sì fi ẹrù hàn án kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà. Bó bá rí ẹrù lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fohùn ṣọ̀kan, owó mìíràn ló máa pè.